Alága Tó Ń Ṣí Àfojúsùn

Ẹ̀yin ẹni tó fẹ́ràn òtítọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ọlọ́run tó mọ ènìyàn fún un ní ọrùn nítorí iṣẹ́ méjì: kó lè gbé orí sókè, kó sì lè tẹrí ba. Ṣùgbọ́n ọrùn Onọ́rébù Akínkúnmi Bọ́ládé, alága Agbègbè Ìdàgbàsókè Orí-Òkúta ní ẹkùn Ẹdẹ, iṣẹ́ kan péré ló mọ̀ ọ́n ṣe nínú méjèèjì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti búra fún un ni ọrùn náà ti le gbagidi, tó fi jẹ́ pé bó bá fẹ́ wo ilẹ̀, ẹlòmíràn ní í bá a wò ó.

Mansur, ọ̀gá ètò káńsù, ni ẹni náà. Mansur ló ń ṣáájú, tó ń ké bí ẹni ń pe ìrun: "Òkúta ń bẹ níwájú, sà. Kòtò ń bẹ lápá òsì, sà. Ẹrẹ̀ ti dé, sà, ẹ gbẹ́sẹ̀." Ẹ lè bi mí pé kí ni ẹrẹ̀ ń wá lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì alága. Ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó bá ti béèrè ìyẹn ti wọ inú ìtàn tán.

Nínú ọ́fíìsì yìí, ẹ̀rín pàápàá ní ipò. Bí alága bá dápàárá, igbákejì rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí àwọn káńsẹ́lọ̀ tó gbà á, kí àwọn akọ̀wé tó tẹ̀ lé e. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín kí akọ̀wé tó parí tirẹ̀. Nígbà mìíràn alága á ti lọ sílé kí ẹ̀rín tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì.

Ohun kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí ń fẹ́ láyé: kí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ tún fà á kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Alhaji Ràṣídì, olórí ẹgbẹ́, ti sọ fún un pé, "Akin, ọkàn wa wà lọ́dọ̀ rẹ." Ọ̀rọ̀ yìí ni alága ń jẹ láàárọ̀, òun ló ń jẹ lálẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló sì ń bà á lẹ́rù: àwọn ará Ìdí-Ọsàn.

Abúlé kékeré ni Ìdí-Ọsàn, lẹ́yìn Alajue, àgbẹ̀ ló kún ibẹ̀. Àwọn kan tó ṣàánú wọn ti gbẹ́ kànga jíjìn fún wọn, wọ́n sì kó ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi inú rẹ̀ lé káńsù lọ́wọ́. Alága ní kí wọ́n gbé e wá sílé òun ná, kí olè má baà jí i. Ẹ̀rọ náà dé ilé alága lóòótọ́, olè kankan tó ti òde wá kò sì fọwọ́ kàn án títí dòní. Adágún ẹja rẹ̀ ló ń fa omi sí. Ẹja àrọ̀ alága ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tó mọ́ lóló, àwọn ọmọ Ìdí-Ọsàn sì ń bá ewúrẹ́ pín odò mu.

Gbogbo ọjọ́ ọjà ni àwọn ará abúlé yìí ń wá sí káńsù. Lọ́jọ́ kan ọ̀kan nínú wọn ní bí ó bá di dandan, àwọn yóò pe káńsù lẹ́jọ́. Alága kò lè jẹun ọ̀sán. Ó ránṣẹ́ pe Ọláyínká, agbẹjọ́rò tó fi ṣe olùdámọ̀ràn.

"Ọláyínká, ṣé wọ́n lè gbé mi lọ sí kóòtù torí omi?"

"Wọn ò lè borí, sà," ni Ọláyínká wí, ó sì ṣí ìwé òfin ilẹ̀ wa. "Ọ̀rọ̀ omi, ẹ̀kọ́, ìlera, ìgbé-ayé ìrọ̀rùn, Orí Kejì ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí. Àfojúsùn ìjọba ni, ohun tó yẹ kó máa tọ́ ìjọba sọ́nà. Ojúṣe ìjọba ni láti tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n òfin yìí kan náà ló ní kí kóòtù má dá ẹjọ́ lé e lórí."

"Tún un wí."

"Kóòtù kò lè dá ẹjọ́ lé e lórí, sà."

"Dìde dúró, kí o wá tún un wí."

Ọláyínká dìde, ó tún un wí. Alága di ojú rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tí wọ́n ń fi òróró yàn.

"Ẹ jẹ́ kí n ka ìyókù fún yín, sà. Orí Kẹrin ní tirẹ̀..."

"Ó tó. Ta ní í jẹ iyán tán tó tún ń lá odó?"

Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀, ẹ̀yin ará. "Ojúṣe ni" wà nínú ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n etí alága kò gbà á wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹlẹ́ṣẹ̀ ṣe ń gbọ́ ìwàásù. A ní, "Ọlọ́run ní sùúrù, nítorí náà ẹ ronú pìwà dà." Ó gbọ́ "Ọlọ́run ní sùúrù," ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni Orí Kejì ti di oúnjẹ lẹ́nu alága. Olùkọ́ ní òrùlé ilé ìwé ti ṣí lọ, alága ní, "Orí Kejì." Nọ́ọ̀sì ní abẹ́rẹ́ ti tán, alága ní, "Orí Kejì." Nígbà tó yá, kò tilẹ̀ sọ ọ́ lẹ́nu mọ́, ìka méjì ló ń nà sókè, Mansur á sì túmọ̀ rẹ̀ fún ìlú.

Ìgbà tí kò rí ẹni dá a lẹ́kun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àfojúsùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Gẹ́gẹ́ bí àwọn alága yòókù ṣe ń ṣí ilé ìwòsàn, òun ń ṣí àfojúsùn ilé ìwòsàn: wọ́n á na rìbọ́ọ̀nù sórí koríko, á fi àlùmọ́gàjí gé e, àtẹ́wọ́ á dún, kálukú á lọ. Lójú ọ̀nà Sekona ó ṣí àfojúsùn ọ̀nà ọlọ́dà láàárín kòtò méjì. Ọlọ́kadà kan tí wọ́n dá dúró torí ayẹyẹ náà bi í pé, "Alága, ọ̀nà gan-an ńkọ́?"

Àánú ọkùnrin náà ṣe alága. "Ọmọ mi, òjò kan ṣoṣo ló ń ba ọ̀nà jẹ́. Ìwọ ti rí àfojúsùn tí òjò bà jẹ́ rí?"

Igbákejì alága nu omijé. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun kò gbọ́ irú ọgbọ́n báyìí rí. Òótọ́ ló sọ níbẹ̀.

Báyìí ni a ṣe dé Ìdí-Ọsàn, níbi tí alága fẹ́ ti ṣí àfojúsùn omi. Ó pe Alhaji Ràṣídì wá wò ó, kí olórí ẹgbẹ́ lè fojú ara rẹ̀ rí i bí àwọn ará oko ṣe fẹ́ràn òun. Àga ńlá alága wà nínú ọkọ̀ kan, tìmùtìmù rẹ̀ wà nínú òmíràn. Wọ́n na rìbọ́ọ̀nù yí kànga tí kò lẹ́rọ ká.

Ẹ sì mọ àṣà wa. Kò sí ìpàdé tí a ń bẹ̀rẹ̀ láìgbàdúrà. Bí mùsùlùmí bá ṣí i, kìrìsìtẹ́nì ni yóò pa á dé. Ààfáà abúlé ló yẹ kó ṣí i, ṣùgbọ́n wọ́n ti pè é lọ síbi òkú ní Ìwó. Mansur wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí ìyá arúgbó kan tó fi ìbòrí funfun bo orí, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un. Ìyá Àdínì Sìmbíátù ni, olórí àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí Ìdí-Ọsàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú nítorí òkè tó ń pọn omi gùn láràárọ̀.

Àṣà kejì wà tí ó jẹ́ ti alága nìkan. Àmín rẹ̀ gbọdọ̀ borí ti gbogbo ènìyàn. Nítorí náà, bí ẹlòmíràn bá ń gbàdúrà, Mansur á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kejì sẹ́nu alága, kí Ọlọ́run má baà ṣi ẹni tó ń dáhùn mọ̀.

Ìyá Àdínì tẹ́wọ́. Ó kọ́kọ́ ké sí Ọlọ́run ní èdè Lárúbáwá, ó wá bọ́ sí Yorùbá.

"Ọlọ́run, ìwọ tó ń rọ òjò fún wa láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá fún wa lómi, má ṣe jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ọmọ rẹ̀ láéláé."

"Àmín," ni alága wí, ojú rẹ̀ wà lára Alhaji Ràṣídì.

"Ẹni tó bá di omi wa mọ́lé, tí àwọn ọmọ wa ń bá ẹran mu nínú ẹrẹ̀, Ọlọ́run, bá wa bi í léèrè lójú gbogbo ayé."

"Àmín o."

"Àga tó jókòó lé, tó fi ń wò wá bí èèrà, gbà á nídìí ẹ̀."

"Àmín, àmín, àmín, àṣẹ."

Ohùn alága lọ tààrà. Wọ́n gbọ́ ọ ní Alajue. Ẹni tó ń sun ọ̀sán lórí ẹní níbẹ̀ ta jí, ó ní, "Àmín," ó tún sùn.

Alhaji Ràṣídì rọra tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ alága. "Akin, ṣé o gbọ́ ohun tí o ṣe àmín sí báyìí?"

"Àdúrà ni, Alhaji. Àdúrà kì í burú."

"Ọláyínká, tún un sọ fún ọ̀gá rẹ."

Ọláyínká tún un sọ sí i létí. Ojú alága pọ́n, ó dúdú, ó tún pọ́n. Kò ṣí àfojúsùn kankan mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó na ìka kan ṣoṣo, ó nà án sí Ìyá Àdínì, àwọn ẹ̀ṣọ́ káńsù sì gbé arúgbó náà sínú ọkọ̀ tó gbé tìmùtìmù wá.

Ilé ẹrù káńsù ni wọ́n tì í mọ́, láàárín àwọn pátákó àfojúsùn tó ti ń ṣá lójú. Alága fúnra rẹ̀ lọ bá a níbẹ̀.

"Màmá, ẹ fa àdúrà yẹn padà, kí ẹ máa lọ sílé."

"Alága, àdúà kì í ṣe ewúrẹ́ tí mo so mọ́ igi. Ó ti lọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tó lọ bá ni kí ẹ wá a lọ."

"Ẹ gba òmíràn tí yóò pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ nígbà náà."

"Ṣé ẹ ò gbọ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ ni? Mo ní ẹni tó bá fún wa lómi, kí òùngbẹ má gbẹ ọmọ rẹ̀. Tiyín náà wà níbẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ wa wá, kí ẹ bọ́ sínú ìyẹn."

"Ẹ ó máa bá a gbé níbí."

"Ó dáa. Ẹ bá mi bu omi àlùwàlá, mo gbọ́ pé omi wà nílé yín."

Ọláyínká dúró lẹ́nu ọ̀nà, òógùn bò ó. "Sà, ẹ jẹ́ kí ìyá yìí máa lọ. Kí a ti ènìyàn mọ́lé láìṣẹ̀, kí a fi ìyà jẹ ẹ́ torí àdúrà, Orí Kẹrin ni ìyẹn wà. Ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ni. Kóòtù ń dá ẹjọ́ rẹ̀."

Alága rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, torí pé ọmọ Yorùbá nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe yìí.

"Ọláyínká, nínú Orí Kejì àti Orí Kẹrin, èwo ni ẹ̀gbọ́n?"

"Sà?"

"Èwo ló kọ́kọ́ wà nínú ìwé?"

"Orí Kejì, sà."

"Bí ẹ̀gbọ́n kò bá lè mú mi, àbúrò rẹ̀ wo ni yóò mú mi? Níbo lo ti rí i kí ẹ̀gbọ́n dákẹ́, kí àbúrò máa pàṣẹ? Ìwé òfin wo ni kò lẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ́ẹ̀?"

Àwọn káńsẹ́lọ̀ ní ìdájọ́ ti parí.

Kò parí. Ìyá Àdínì ní ọmọ kan tó ń jẹ́ Kafilat, tó ń ta oúnjẹ fún àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí ìjọ onígbàgbọ́ dá sílẹ̀ nílùú. Láàárín àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Fọláhànmí wà, agbẹjọ́rò ni, ó sì tún ń kọ́ni ní òfin. Kafilat gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀, omijé ń kán sí i.

"Àǹtí, wọ́n ti màmá mi mọ́lé torí ó tọrọ omi lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Lọ́wọ́ Ọlọ́run, àbí lọ́wọ́ alága?"

"Lọ́wọ́ Ọlọ́run. Alága ló dá a lóhùn."

Fọláhànmí kò parí ìrẹsì. Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí kóòtù, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ kejì, adájọ́ ti pàṣẹ kí wọ́n tú ìyá sílẹ̀, kí alága sì wá sọ tẹnu rẹ̀. Káńsù tú u sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú sí i tó fi jẹ́ pé Kafilat pọ̀n ọ́n dé inú kẹ̀kẹ́ ni.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, Mansur ló ṣáájú alága wọ kóòtù. "Àtẹ̀gùn ń bẹ, sà. Ẹ gbẹ́..." Akọ̀wé kóòtù ní kó jókòó, kó sì pa ẹnu mọ́. Tìmùtìmù kò rí ibi wọlé. Ọláyínká ti bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún òun, ṣùgbọ́n ta ní ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sílẹ̀ fún ọmọọṣẹ́? Alága gun àpótí ẹlẹ́rìí lọ, ó na ìka méjì sókè.

"Olúwa mi, kóòtù yìí kò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ omi ni. Orí Kejì ni."

"Ta ló bi yín léèrè omi?" ni adájọ́ wí.

"Olúwa mi?"

"Kò sí omi nínú ìwé tó wà níwájú mi. Wọ́n ní ẹ ti arúgbó mọ́ ilé ẹrù torí pé ó gbàdúrà. Kí ènìyàn lómìnira ara rẹ̀, kó sọ̀rọ̀, kó gbàdúrà bí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe rí, Orí Kẹrin ni. Ibí yìí la ti ń dá a. Kí ni ìyá yìí ṣe?"

"Ó ṣépè fún mi."

Fọláhànmí dìde. "Alága, níbo ló ti dárúkọ yín?"

"Kò dárúkọ."

"Ó pe oyè yín?"

"Kò pe oyè. 'Ẹni tó di omi wa mọ́lé' ló wí."

"Èrò pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Olórí ẹgbẹ́ yín wà níbẹ̀, àwọn káńsẹ́lọ̀ wà níbẹ̀. Kí ló mú un dá yín lójú pé ẹ̀yin ló ń bá wí?"

Ọláyínká wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó wúkọ́ bí ẹni tí ikọ́ fée ń pa. Ṣùgbọ́n inú ń bí alága pé agbẹjọ́rò kékeré yìí fẹ́ fi ipò òun wé ti àwọn káńsẹ́lọ̀.

"Ta ni ìbá tún jẹ́?" ló wí, ó na àyà. "Ilé káńsẹ́lọ̀ wo lẹ̀rọ wọn wà? Ṣé ẹni méjì ló ń fi í sin ẹja ní Ẹdẹ yìí ni?"

Awakọ̀ alága ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kò dúró de akọ̀wé kankan. Ìgbà tí ó bú sẹ́rìn-ín, gbogbo kóòtù gbà á, adájọ́ sì wo inú ìwé fún ìgbà pípẹ́ kó tó lè gbójú sókè.

Ìdájọ́ kò gùn. Alága jẹ̀bi. Yóò san owó gbà-má-bínú fún ìyá láti àpò ara rẹ̀, yóò sì lọ sí Ìdí-Ọsàn lọ tọrọ àforíjì. Adájọ́ wá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ní ti omi, òfin ti pa mí lẹ́nu mọ́, mi ò lè pàṣẹ rẹ̀ fún káńsù. Ẹ má rò pé torí kò ṣe pàtàkì ni. Àwọn tó ń dìbò, òfin kò pa wọ́n lẹ́nu mọ́."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ adájọ́ yìí dùn mí bí egbò. Àwọn tó kọ ìwé náà fún arúgbó ní kọ́kọ́rọ́ tó lè fi jáde nílé ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì gbé omi tí yóò mu bó bá jáde sórí pẹpẹ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá rí àwọn tó wà nídìí ìwé yẹn, ẹ sọ fún wọn pé Ọlọ́run kò dá òùngbẹ ní àfojúsùn.

Àwọn ọlọ́pàá lọ gbé ẹ̀rọ náà nílé alága, wọ́n ní ẹ̀rí ni, ẹjọ́ olè ń bọ̀ lẹ́yìn. Àgọ́ wọn ló wà di ìsinsìnyí, wọ́n fi tapólì bò ó. Ẹja ti kú, Ìdí-Ọsàn kò sì rí ẹ̀kán omi kan.

Alága sáré lọ bá Alhaji Ràṣídì. Ó bá ìwé ìfàkalẹ̀ lórí tábìlì, orúkọ igbákejì rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ẹni tí kì í pẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Alhaji, ẹ ṣèlérí fún mi."

"Èmi? Mo ní ọkàn wa wà lọ́dọ̀ rẹ. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ṣé o máa pe ọkàn wa lẹ́jọ́ ni?"

Ọjọ́ tó lọ tọrọ àforíjì, kò sí ọkọ̀ fún àga, kò sí ti tìmùtìmù. Mansur ti ń bá igbákejì wo ilẹ̀. Alága gun ọ̀kadà dé Ìdí-Ọsàn pẹ̀lú agbádá àrán, kò sì bá ẹnì kan lábẹ́ igi ìpàdé. Wọ́n ní gbogbo ìlú ti lọ sódò. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn. Ìyá Àdínì jókòó sórí òkúta, garawa méjì wà níwájú rẹ̀, ó ti bu èyí àkọ́kọ́ kún.

Alága mú ìwé jáde, ó ka àforíjì tí Ọláyínká kọ fún un. Ó gùn, ó sì dùn ún kà. Àwọn obìnrin ń bu omi lọ, wọ́n ń gbọ́n ẹrẹ̀ ojú omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"A gbọ́, Alága," ni Ìyá Àdínì wí nígbà tó parí. "Mo ti forí jì yín. Kí Ọlọ́run forí ji gbogbo wa. Ẹsẹ̀ yìí kò jẹ́ kí n lè gbé e láti ìgbà tí mo ti ti ọ̀dọ̀ yín dé. Ẹ bá mi ru garawa kan délé."

Alága wẹ̀yìn. Kò sí ẹ̀ṣọ́, kò sí káńsẹ́lọ̀. Àwọn obìnrin ti dúró, wọ́n ń wò ó, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó ká apá agbádá sí èjìká, ó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé omi rù ú. Omi tutù dà sí i lọ́rùn, ó ṣàn gba inú agbádá àrán. Ìyá mú ọ̀pá rẹ̀, ó ṣáájú.

Wọ́n rìn títí. Alága ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn sì ti da pọ̀ mọ́ omi lójú rẹ̀ tí kò fi rí iwájú mọ́.

"Màmá," ló wí, "ṣé òkè yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán?"

Ìyá Àdínì kò bojú wẹ̀yìn.

"Òkè kẹ̀, Alága? Etí odò la ṣì wà."